Ìwé Ìtọ́sọ́nà àti Ìdánwò Nínú Iṣẹ́ Èdè Kọ̀ǹpútà

Ìlàjẹ ni orúkọ tí a fi ń pe àwọn ọmọ Yorùbá tí ó tẹ̀dó sí etí òkun àti ojú ọ̀sà ní ìhà gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí olùkọ́ bá kọ orúkọ yìí sí ara pátákó, lẹ́tà márùn-ún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà níbẹ̀: ì, l, à, j, ẹ. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ méjì ní Igbókòdá bá tẹ orúkọ kan náà sínú kọ̀ǹpútà méjì, tí wọ́n sì pàṣẹ fún èdè kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Python pé kí ó ka iye àmì tí ó wà nínú rẹ̀, ó lè sọ fún ẹni kìn-ín-ní pé 5 ni, kí ó sì sọ fún ẹnì kejì pé 8 ni. Bí wọ́n bá tún bi í bóyá ọ̀rọ̀ méjèèjì dọ́gba, yóò dáhùn pé wọn kò dọ́gba.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà mọ̀, kò mọ lẹ́tà. Ìlànà àgbáyé tí ń jẹ́ Unicode ni ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ìlànà yìí fún à, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó wà lórí rẹ̀, ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ó tún fún àmì ohùn ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ní nọ́ńbà lọ́tọ̀, tí ènìyàn fi lè tẹ a, kí ó sì wá gbé àmì lé e lórí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ rí: ó lè jẹ́ nọ́ńbà kan, ó sì lè jẹ́ e pẹ̀lú àmì abẹ́ rẹ̀. Ohun tí a fi tẹ ọ̀rọ̀ náà ni ó ń pinnu èyí tí kọ̀ǹpútà yóò gbà. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀ kankan níbẹ̀, kọ̀ǹpútà sì rí i kedere.

Ohun kékeré kọ́ ni èyí ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ń jẹ́ Ẹbùn lè wà nínú ìwé orúkọ, kí ẹni tí ó ń fi kọ̀ǹpútà wá a má sì rí i. Bí a bá ní kí Python to orúkọ àwọn ọmọ kíláàsì bí a ṣe ń to lẹ́tà, Ẹbùn, Ọlá àti Ṣadé lè bọ́ sí ẹ̀yìn Yétúndé, nítorí pé nọ́ńbà Ẹ, Ọ àti Ṣ tóbi ju nọ́ńbà Y lọ. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé àwọn ọmọ náà kò forúkọ sílẹ̀ rárá.

Ìbéèrè tí ó wá dìde ni pé ta ni ó yẹ kí ó ṣàlàyé irú nǹkan báyìí fún olùkọ́, ta ni ó sì yẹ kí ó máa ṣọ́ ọ kí ó má baà bàjẹ́ sí i? Kí ìdáhùn tó lè yéni, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú iṣẹ́ tí èdè kọ̀ǹpútà jẹ́.

ÈDÈ TÍ A ṢÍ SÍLẸ̀ FÚN GBOGBO AYÉ

Èdè kọ̀ǹpútà ni àkójọ ọ̀rọ̀ àti òfin tí ènìyàn fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Àwọn kan wà tí ilé iṣẹ́ kan ni ó ni wọ́n, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wo inú wọn. Àwọn mìíràn sì wà tí a kọ gbogbo inú wọn sí gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó dà á kọ, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn, níwọ̀n ìgbà tí ó bá pa àdéhùn tí ó so mọ́ ọn mọ́. Open source ni àwọn onímọ̀ ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Python. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì, ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 1991. Láti ìgbà náà wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ni ó ti fi ọwọ́ kún un, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe kì í ṣe nǹkan àjèjì ní etí omi Ìlàjẹ. Ní ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá ìlú Ayétòrò sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀, ní etí Òkun Àtìláńtíìkì. Fún nǹkan bí ogún ọdún, àpò kan ni wọ́n ń ná. Kò sí ẹni tí ó ń gba owó oṣù. Wọ́n jọ ń pẹja, wọ́n jọ ń kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n jọ ń hun aṣọ. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ní iná mànàmáná tiwọn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá kò tíì ní in. Ètò àpò kan yìí túká ní apá ìparí àwọn ọdún 1960, òkun sì ti jẹ púpọ̀ nínú ilẹ̀ ìlú náà láti ìgbà náà wá. Síbẹ̀, a kò lè sọ̀rọ̀ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ní ilẹ̀ Nàìjíríà kí a má dárúkọ Ayétòrò.

Ìyàtọ̀ kan ṣe pàtàkì láàrin iṣẹ́ Ayétòrò àti iṣẹ́ Python. Ní Ayétòrò, àwọn tí ó jọ ń ṣiṣẹ́ ń rí ara wọn lójoojúmọ́. Ọmọ tí ó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn yóò dúró ti ọ̀gá rẹ̀, yóò máa wo ọwọ́ rẹ̀, ọ̀gá yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà pẹ̀lú ẹnu. Àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ Python kò rí ara wọn. Ẹnì kan wà ní Èkó, ẹnì kan wà ní Japan, ẹnì kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ́dọ̀ ẹnì kan ni ilẹ̀ ń mọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun méjì ni ó dípò ọ̀gá tí ó dúró tì wọ́n: èkíní ni ìwé ìtọ́sọ́nà, èkejì sì ni ìdánwò. Ibi tí ọ̀kan nínú wọn bá ti bàjẹ́, iṣẹ́ náà di ti àwọn díẹ̀ tí ó mọ ọ̀nà inú rẹ̀ nìkan. Ọ̀nà tí a ní a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ti di èyí tí a tì pa nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

ÌWÉ ÌTỌ́SỌ́NÀ

Àwọn olùkọ́ Yorùbá kò ní pẹ́ lóye ohun tí ìwé ìtọ́sọ́nà jẹ́, nítorí pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní irú rẹ̀. Ní ọdún 1875, àwọn àgbà oníwàásù àti ọ̀mọ̀wé pàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀. Ní ọdún 1974, ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ọ̀yọ́ àti ọmọ Ìjẹ̀bú kì í pe ọ̀rọ̀ bákan náà, ṣùgbọ́n nítorí ìlànà tí ó wà lákọsílẹ̀, ọ̀kan lè kọ ìwé kí èkejì kà á. Bí kò bá sí ìlànà náà, oníkálukú ì bá máa kọ tirẹ̀ bí ó ti dùn mọ́ ọn.

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn tí ó ń fi ọwọ́ kún Python ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ó sọ bí àlejò ṣe lè gba ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ èdè náà sórí kọ̀ǹpútà ara rẹ̀, bí yóò ṣe tò ó pọ̀ kí ó lè ṣiṣẹ́, bí yóò ṣe dán an wò, irú ìwé àdéhùn tí yóò fọwọ́ sí, bí yóò ṣe kọ ìròyìn kúkúrú nípa àtúnṣe tí ó ṣe, àti ibi tí yóò fi àbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí kí àwọn alámòójútó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 2011 ni Brett Cannon, ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ náà, ṣe akitiyan ńlá láti sọ ìtọ́sọ́nà wọ̀nyí di odidi ìwé kan.

Ṣùgbọ́n kíkọ ìwé náà kò tó. Títọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́ tí kò lópin. Ní ọdún 2011 kan náà, wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ Python kúrò nínú ohun èlò tí ń jẹ́ Subversion lọ sínú Mercurial. Ní oṣù kejì ọdún 2017, wọ́n tún kó o kúrò níbẹ̀ lọ sínú Git, lórí GitHub. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ìwé tí wọ́n ń kọ ẹ̀sùn àṣìṣe sí náà kó lọ síbẹ̀. Ìṣípòpadà mẹ́ta nìyí láàrin ọdún mọ́kànlá. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àṣẹ tí ó ṣiṣẹ́ lánàá kò ṣiṣẹ́ mọ́ lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ka ojú ìwé tí a kò tún ṣe yóò tẹ̀ lé e títí, yóò kùnà, yóò sì rò pé orí òun ni kò pé. Ìwé ìtọ́sọ́nà tí ó ti gbó burú ju àìsí ìwé lọ. Ẹni tí kò ní ìwé mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè. Ẹni tí ó ní ìwé tí ń ṣi ènìyàn lọ́nà kò ní béèrè.

Àǹfààní ìlànà tí ó wà lákọsílẹ̀ hàn kedere ní ọdún 2018. Ní oṣù keje ọdún náà, Guido van Rossum kéde pé òun kò ní jẹ́ olórí tí ń pàṣẹ ìkẹyìn mọ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ni ó máa ń túká bí olùdásílẹ̀ bá yẹ̀bá. Àwọn ará Python kọ àbá oríṣiríṣi sílẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe máa ṣe ìjọba ara wọn, wọ́n dìbò lórí wọn, wọ́n sì yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Iṣẹ́ kò dúró. Àwọn tí ó kù ti mọ ọ̀nà, nítorí pé ọ̀nà náà kò sí nínú orí ẹnì kan ṣoṣo.

ÌDÁNWÒ

Ẹni tí ó kan ọkọ̀ ojú omi ní etí òkun kì í kó èrò sínú rẹ̀ kí ó tó gbé e sójú omi wò. Yóò wo abẹ́ rẹ̀, yóò wo ibi tí pákó ti pàdé pákó. Bí ó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tí a tún ṣe ni, ibi tí ó ti jò rí ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èrò kan náà ni ó wà nínú ìdánwò èdè kọ̀ǹpútà. Nígbàkígbà tí wọ́n bá rí àṣìṣe kan tí wọ́n sì tún un ṣe, wọ́n a kọ ìdánwò kékeré kan tí yóò máa wo ibẹ̀ títí láé, kí ẹlòmíràn má baà mú àṣìṣe náà padà wá láìmọ̀. Bí ó ti ń pẹ́ sí i ni ìdánwò ń pọ̀ sí i. Ti Python ti kún inú fáìlì tí ó ju 400 lọ.

Àṣẹ kúkúrú kan ni ó ń ji gbogbo wọn: python -m test. Bí àlejò bá tẹ̀ ẹ́, kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dán èdè náà wò láti orí dé ẹsẹ̀, yóò sì sọ èyí tí ó yege àti èyí tí ó kùnà. Bí ó bá fi àbá àtúnṣe rẹ̀ ránṣẹ́, àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn yóò tún dán an wò lórí Windows, lórí macOS àti lórí Linux, nítorí pé ohun tí ó ṣiṣẹ́ ní ibi kan lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ní ibòmíràn. Ìdánwò kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Àbá ọ̀gá àgbà àti ti akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Èyí ni ó ń jẹ́ kí alámòójútó lè fọkàn tán iṣẹ́ ẹni tí kò mọ̀ rí.

Àwọn ohun èlò ìdánwò fúnra wọn ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìdánwò kan lè yege lónìí, kí ó kùnà lọ́la, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohunkóhun. Bí irú rẹ̀ bá pọ̀, àwọn ènìyàn kò ní ka ìkìlọ̀ sí mọ́, bí ará ilé ṣe máa ń ṣe sí ajá tí ń gbó láìsí olè. Ìdánwò mìíràn a sì máa fi ìdọ̀tí sílẹ̀, tí yóò da ti ẹni tí ó tẹ̀ lé e rú. Nítorí èyí, ohun èlò tí ń darí ìdánwò Python lè tún èyí tí ó kùnà ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì máa kéde ìdánwò tí ó bá yí ohun tí ó bá nílẹ̀ padà. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í gba ìyìn púpọ̀. Ẹni tí ó mú nǹkan tuntun wọ inú èdè ni àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tí ó jẹ́ kí ti àtijọ́ má wó, ojú kì í tètè rí i.

Ibì kan wà tí ìwé àti ìdánwò ti pàdé. Ní ọdún 2001 ni ohun èlò tí ń jẹ́ doctest, tí Tim Peters ṣe, wọ inú Python. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń ka àpẹẹrẹ inú ìwé àlàyé, ó ń ṣe ohun tí àpẹẹrẹ náà sọ, ó sì ń wò ó bóyá èsì tí ìwé kọ ni èsì tí kọ̀ǹpútà mú jáde. Bí ìwé bá sọ pé 2 + 3 yóò mú 5 wá, doctest yóò ṣe ìṣirò náà. Bí èdè bá yí padà tí ìwé kò sì yí padà, ìdánwò yóò pariwo. Bí ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ inú ilé ẹ̀kọ́ bá lè máa dán ara rẹ̀ wò báyìí lọ́dọọdún, ìwọ̀nba ni àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa há sórí.

IPA TI ỌMỌ YORÙBÁ

Ó yẹ kí a padà sórí lẹ́tà Yorùbá. Nínú ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ tí ó ń mú 5 tàbí 8 wá, Python kò ṣe àṣìṣe: nọ́ńbà ni a ní kí ó kà, ó sì kà á. Láti ọdún 2003 ni ohun èlò kan ti wà nínú rẹ̀, unicodedata.normalize, tí ń sọ oríṣi ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan. Ìdánwò rẹ̀ sì wà, tí ó dá lórí àkójọ tí àjọ Unicode fúnra rẹ̀ ṣe. Ohun tí ó kù ni àlàyé tí yóò yé ẹni tí ń lo Yorùbá. Lẹ́tà Ç ni ìwé àlàyé ohun èlò náà fi ṣe àpẹẹrẹ, lẹ́tà tí àwọn ará Faransé ń lò. Bí a bá mú Ç bá ìlànà yìí lọ, yóò di nọ́ńbà kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ́, tí ó ní àmì lábẹ́ tí ó tún ní àmì lórí, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode. Bí a bá tilẹ̀ mú un bá ìlànà lọ, méjì ni Python yóò kà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé àpẹẹrẹ Ç nìkan láti ka lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ Yorùbá yóò kùnà, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó lè ya olùkọ́ lẹ́nu. Láti ìgbà tí Python 3.0 ti jáde ní ọdún 2008, ènìyàn lè fi lẹ́tà Yorùbá sọ orúkọ àwọn nǹkan inú ètò tí ó ń kọ: ó lè pe ọ̀kan ní ẹja, kí ó pe èkejì ní ọjà. Fún irú orúkọ bẹ́ẹ̀, Python fúnra rẹ̀ ń sọ ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí a kó fún un láti tọ́jú, bí orúkọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá rí ìwà méjì yìí láìsí àlàyé yóò sọ pé èdè náà kò ní láárí. Àlàyé ìlà mẹ́ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ èrò yẹn.

Ta ni yóò kọ ìlà mẹ́ta náà? Ẹni tí bàtà bá ń ta lẹ́sẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á. Ilẹ̀ Áfíríkà ti ń jí sí iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 2017, ìpàdé PyCon Nigeria wáyé ní Èkó. Ní ọdún 2018, Samson Goddy àti Ada Nduka Oyom dá ẹgbẹ́ Open Source Community Africa sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìpàdé PyCon Africa wáyé ní ìlú Accra. Ìlànà títúmọ̀ ìwé àlàyé Python sí èdè mìíràn sì ti wà lákọsílẹ̀ láti ọdún 2017. Àwọn ará Japan, Faransé àti Kòríà ti gba ọ̀nà yẹn. Kò sí ohun tí ó ní kí Yorùbá má gbà á.

Ẹnì kan lè sọ pé iná mànàmáná àti íntánẹ́ẹ̀tì kì í dúró déédéé ní abúlé etí omi. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìwé àti ìdánwò wà lára iṣẹ́ tí kò fi dandan béèrè pé kí íntánẹ́ẹ̀tì máa wà ní gbogbo ìgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè gba odidi ìwé àlàyé Python sílẹ̀ ní Òkìtìpupa tàbí ní Igbókòdá, kí ó sì máa kà á nílé. Àṣẹ python -m test kì í béèrè íntánẹ́ẹ̀tì bí a kò bá fún un láṣẹ. Àwọn ìdánwò tí ó nílò rẹ̀ ni yóò fò dá.

Àlejò tilẹ̀ ní ohun tí àgbà iṣẹ́ kò ní. Ẹni tí ó ti ń gba ọ̀nà kan fún ogún ọdún kò rí kòtò inú rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ bí yóò ṣe yà á. Ẹni tí ó ń ka ìwé ìtọ́sọ́nà fún ìgbà àkọ́kọ́ ni ó mọ gbólóhùn tí kò yéni àti àṣẹ tí kò ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí olùkọ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ láti máa kọ ibi tí wọ́n ti ṣubú sílẹ̀, kí wọ́n má ṣe tijú rẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn alámòójútó. Ó yẹ kí wọ́n máa fi orúkọ Yorùbá dán ètò wò, pẹ̀lú àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, dípò kí wọ́n máa fi John àti Mary ṣe é nígbà gbogbo.

Àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Èdè kọ̀ǹpútà tí a ṣí sílẹ̀ kò béèrè ìlú tàbí ẹ̀yà ẹni tí ó fẹ́ wọlé. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ẹni náà ka ìlànà, kí ó mú ìdánwò tirẹ̀ wá, kí ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ ní kedere fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́tà tí kò bá ní ìdánwò níbẹ̀, kò sí ohun tí yóò pariwo lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá bà á jẹ́. Àwọn tí ó ni lẹ́tà náà ni ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.